Àpótí Bàálù Tó Sọnù ní Wọ́ọ̀fù

                                        Ojúlé 9, Òpópónà Àràrọ̀mí,
                                        Ajégúnlẹ̀, Àpápá.
                                        11 Mááṣì, 1974.

Godfrey olórí dídán, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé Sàpẹ̀lẹ̀ ń gbè ọ́? Ngozi ìyàwó wa ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọn kò kúkú jọ ọ́? Àdùfẹ́ ìyàwó mi kí ọ títí. Orúnkún ń dùn mí, ṣùgbọ́n ẹnu mi kò dùn mí rárá.

Wò ó, wọ́n ti fi mí sínú ìwé! Ìtàn ẹgbẹ́ bàálù ogun kan tó ja ogun abẹ́lé ni wọ́n ń kọ, èmi sì ni ọ̀gá tó mú bàálù wọn fò. Ó dáa, má yọ ṣùtì sí mi. Mo bù mọ́ ọn. Àpótí tí wọ́n kó ẹ̀yà ara bàálù sí ni èmi àti ìwọ jọ rù ní wọ́ọ̀fù, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń já ẹrù, mi ò sì tíì wọ bàálù rí.

Lánàá ni ọ̀gá ṣọ́jà òfúrufú kan, Túnbọ̀sún, gbé ìwé ọ̀hún wá. Ó ń wá àwọn tó já ẹrù bàálù lọ́dún 1967. Mo ń parọ́ fún un, ó ń rẹ́rìn-ín, àfi ìgbà tó ka ojú ewé kan sí mi létí: bàálù kan kò lè fò fún ọjọ́ mọ́kànlá, torí pé Godfrey, òṣìṣẹ́ wọ́ọ̀fù, gbé àpótí irin rẹ̀ pamọ́ láti ran ọ̀tá lọ́wọ́. Orúkọ rẹ wà níbẹ̀ gàdàgbà. Ọjọ́ Jímọ̀ ni ìwé náà ń lọ sílé ìtẹ̀wé.

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu mi. Àdùfẹ́ dá ata lílọ̀ dúró, ó ní:

"Bàbá Kazeem, ẹ ò gbọ́ ni?"

Bí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n lè tì mí mọ́lé bí wọ́n ṣe tì ọ́ fún oṣù méje. Irọ́ mi ti sáré ọdún mẹ́fà. Òtítọ́ wá bá a lórí bẹ́ǹṣì.

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ pa orúkọ Godfrey rẹ́. Èmi ni."

Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, kí n fọwọ́ sí i, kí n má sì kúrò ní Ajégúnlẹ̀. Mo fọwọ́ sí i. Ó fi bírò fa ìlà la orúkọ rẹ kọjá lójú mi.

Bá mi kí Ngozi, kí o ka èyí tó kù sí i létí.

Àpótí náà pẹlẹbẹ, ó dára láti fi ta ayò dráfù lé lórí. Mo gbé e sẹ́yìn àpò sìmẹ́ǹtì kí ẹlòmíràn má baà gbà á. Èdè Ìgbò ìyá rẹ nìkan ni ẹ̀rí tí wọ́n rí mú pé o ń ran ọ̀tá lọ́wọ́. Mo sọ fún ọ pé mo lọ bẹ̀bẹ̀ fún ọ ní bárékè àwọn ṣọ́jà. Mi ò lọ. Nígbà tí wọ́n ń wọ́ ọ lọ, mo wà níbẹ̀, mo sì dákẹ́.

Èmi tí mo ṣẹ̀ ọ́, tí mo ṣì jẹ́ tìrẹ,
Ṣàfíù