Ewé Òkúta Tó Lẹ̀ Mọ́ Láwàní Bàbá Rẹ

Sireesha, àkọ́bí mi,

Mo kí ẹ o. Ṣé ikọ́ yẹn ti rọlẹ̀, ṣé o sì ń rí oúnjẹ gidi jẹ ní ilé akẹ́kọ̀ọ́? Kí òrìṣà wa Sunkulamma máa ṣọ́ ẹ ní Hyderabad bó ṣe ń ṣọ́ ẹnu bodè wa níbí. Àbúrò rẹ ti hu eyín, ẹfọ̀n wa náà ti bímọ, abo ni. Ayọ̀ tí mo ní láti ròyìn ò ju ìyẹn lọ.

Bàbá rẹ wà nínú ilẹ̀.

Ṣó o rántí Ọ̀jọ̀gbọ́n Raghavulu ti yunifásítì yín, tó gé òkúta dúdú ẹlẹ́wé dídán nínú oko ẹ̀pà wa? Ó padà wá kí òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀. Ó jẹ oúnjẹ ọkà ràgí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò mi, ó ní àwọn ní ẹ̀rọ kan tó ń ka ohun tó wà nínú ewé òkúta náà, pé ohun tó wà láàárín rẹ̀ yàtọ̀ sí tetí rẹ̀, pé irin etí rẹ̀ pọ̀ torí òkúta náà ti ń gòkè bọ̀ láti ìsàlẹ̀ ilẹ̀ nígbà tí etí yẹn ń hù, ìyẹn làwọn fi ń mọ bí ibi tó ti wá ṣe jìn tó. Ó ní tiwa jìn lóòótọ́, àmọ́ iná inú ilẹ̀ ti jẹ dáyámọ́ńdì inú rẹ̀ tán lójú ọ̀nà. Bó ṣe lọ ni bàbá rẹ bú sẹ́rìn-ín, ó ní ṣé torí òkúta lásán ni géńdé ọkùnrin á ṣe tún wá láti Hyderabad. Mo ní kó jẹ́ ká gbin ẹ̀pà wa. Ó ní kí n lọ gbin ẹnu mi.

Òjò rọ̀, àwọn àjèjì ya wọ oko gbogbo bíi tọdọọdún, wọ́n tẹríba, wọ́n ń ṣa òkúta bóyá wọ́n á rí dáyámọ́ńdì, bàbá rẹ ní tirẹ̀ ń gbẹ́ kòtò níbi tí Ọ̀jọ̀gbọ́n ti gé òkúta. Lánàá ni ẹ̀gbẹ́ kòtò ya lù ú. Fóònù rẹ̀ wà lápò rẹ̀. Mo fi ti Peddanna, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, pè é, ó dún títí, kò gbé e. Nígbà tó yá kò dún mọ́. Peddanna ní kí n mọ́kàn kúrò níbẹ̀, mo ní báwo ni màá ṣe mọ́kàn kúrò nígbà tó dún.

Maddileti gbé ẹ̀rọ ìgbẹ́lẹ̀ rẹ̀ wá, ó gbẹ́ títí, ó dáwọ́ dúró. Ó ní ilẹ̀ ti rọ̀ jù, ẹ̀rọ òun máa bá bàbá rẹ lọ, òun ò sì lè máa gbẹ́ ohun tí òun ò mọ ibi tó parí sí. Mo ní bí mo bá sọ bó ṣe jìn tó fún un ńkọ́? Ó wo ojú Peddanna, ó ní kò burú, ìyàwó wa, òun á gbẹ́ ẹ.

Ìdí tí mo fi kọ̀wé nìyẹn, èèyàn ò lè fi òkúta sínú fóònù. Ewé inú bébà yìí lẹ̀ mọ́ láwàní bàbá rẹ, láwàní yẹn nìkan ni ẹ̀rọ gbé jáde. Má tẹ̀ ẹ́, ó máa ń ṣí ní ìpele-ìpele. Gbé e sáré tọ Ọ̀jọ̀gbọ́n lọ, bẹ̀ ẹ́ kó má bínú sí bàbá rẹ, kó fi í sínú ẹ̀rọ, kó ka bí ibi tí bàbá rẹ wà ṣe jìn tó fún wa. Bí owó kankan bá kù lọ́wọ́ rẹ, fún awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó mú lẹ́tà yìí wá, ká fi ra epo dísù sí ẹ̀rọ Maddileti.

Ilẹ̀ ò ní yẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ, ọmọ mi. Òkè ni wàá máa lọ.

Bí ẹ̀rọ yẹn bá tún lè sọ bóyá bàbá rẹ ṣì ń mí, sọ fún Ọ̀jọ̀gbọ́n kó má kà á débẹ̀. Bó ṣe jìn tó nìkan ni mo bèèrè.

Èmi ìyá rẹ,
Nagaveni