Ìyá Lo Wí, Wáyà, O Ò Wí Ìyà

Ọdún márùn-ún pé géérégé lónìí, Wáyà, àbúrò mi, ọmọ ìyá mi. Mo jókòó sí yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ, níbi tí àwa méjèèjì ti gba orin wa sílẹ̀, mo ní kí n ṣe ìrántí rẹ jẹ́jẹ́ bí ọmọlúàbí. Kò ní lè ṣeé ṣe. Inú ń bí mi! Ìwọ náà ṣáà mọ̀ mí, bí inú bá ti ń bí mi, mi ò lè fi ohùn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ sọ̀rọ̀.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó dáa. Ọmọ rẹ tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin nígbà tí o lọ ti pé mẹ́sàn-án. Ó ti ga dé èjìká mi, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ lọ, kò kúkú jìnnà síbi tó ti mú un. Ìyàwó rẹ ti gba iwájú ṣọ́ọ̀bù. Níbi tí o ti ń tún wáyà ọkọ̀ ṣe, irun ni wọ́n ń dì níbẹ̀ báyìí. Oníbàárà rẹ kan ti ọkọ̀ rẹ̀ dé lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní iná iwájú ò tàn. Ìyàwó rẹ ní àfi kí òun bá a di irun ọkọ̀ náà. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún Màámi lójú ọ̀tún, wọ́n ti ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ fúnra wọn. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé tí o fi okùn so fún ọdún mẹ́ta, tí o ń dá lọ́la dá lọ́la, a ti kàn án. Ọ̀lẹ!

Ó parí. Mo ti sọ èyí tó dáa.

O mọ bí orin wa ṣe di orin, ṣùgbọ́n mo fẹ́ tún un sọ kí àwọn tí kò mọ̀ lè gbọ́. Rewáyà ni ọ́, tíṣà ni mí. Nígbà tí àdúgbò gbọ́ pé èmi tí mò ń tẹ kíbọ́ọ̀dù fún àwọn ọmọ ilé ìwé ti lọ bá ọ láti máa ṣe orin, wọ́n fi wá ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní wáyà ti di méjì. O ní orúkọ dé nìyẹn. Wáyà Méjì la kọ sára àwo orin wa.

Kíbọ́ọ̀dù mẹ́ta táwọn ẹlòmíì ti jù nù lo tú palẹ̀, tí o fi òjé jó inú wọn pọ̀ títí wọ́n fi ń mú ohùn tẹ́nìkan ò gbọ́ rí wá. A gbé bẹ́ẹ̀dì dí ojú fèrèsé. A pa fáànù. Síbẹ̀, ariwo wẹ́dà tó ń jó irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ò jẹ́ ká gbádùn, àfi ìgbà tó bá lọ jẹun ọ̀sán. Orin mẹ́jọ! Odindi àwo orin, ìgbà oúnjẹ ọ̀sán wẹ́dà la fi ṣe é, oṣù méje gbáko. Bí ọkùnrin náà bá pẹ́ díẹ̀ nídìí oúnjẹ rẹ̀, inú wa á máa dùn bíi pé àwa là ń jẹ ẹ́.

Orin kẹrin ni tèmi tìrẹ lónìí. Orin Màámi ni. O ń fi í pamọ́ de ọjọ́ tí wọ́n bá pé àádọ́rin ọdún, o ní kí n má jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ ṣáájú. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló gbé orin náà dúró: Ìyá ò ní kúrò nílé yìí.

Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Bọ́tìnnì tí mo tẹ̀ fún ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ń fa ohùn rẹ wálẹ̀, ìyá ń di ìyà. O ní kí n dúró. Mo tẹ bọ́tìnnì tó wà lókè rẹ̀, ó ga jù, ó ń ké bí ẹni tí omi gbígbóná dà lé lẹ́sẹ̀. Ohùn tí o fẹ́, àárín bọ́tìnnì méjèèjì ló wà. Mo ní kí o ṣáà kọ ọ́ lọ, gbogbo ayé á mọ ohun tí a ní lọ́kàn. O wò mí bíi pé mo bú ọ. O ní ìyá kan ṣoṣo la ní, a ò ní fi orúkọ wọn dánra wò. Ọjọ́ mẹ́rin lo fi tú inú kíbọ́ọ̀dù yẹn, tí o ń yí i, tí o ń jó o. Ọjọ́ karùn-ún, mo tẹ bọ́tìnnì náà, ó gbé ìyá jáde gẹ́lẹ́ bí a ṣe máa ń pe Màámi láti ẹnu ọ̀nà bí a bá ti ilé ìwé dé.

Àwo jáde, rédíò ò gbé e. Akọ̀wé ìwé ìròyìn kan ní orin wa dà bíi fíríìjì tó ń sunkún. Mo fẹ́ lọ bá a jà, o ń rẹ́rìn-ín, o ní kò burú, ṣebí fíríìjì ni kì í jẹ́ kí ọbẹ̀ bàjẹ́. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, àìsàn ọjọ́ mọ́kànlá mú ọ lọ. Màámi ò tíì pé àádọ́rin. Láti ọjọ́ náà, wọn ò jẹ́ ká tan ohùn rẹ nínú ilé rárá. Wọ́n ní àwọn ò lágbára ẹ̀.

Ọjọ́ a kú là á dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè! Ọdún kẹta, àwọn oníjó kan fi orin wa jó lórí fóònù, kíá, gbogbo ayé ti mọ̀ ọ́. Wẹ́dà pàápàá ń sọ pé òun wà níbẹ̀. Akọ̀wé onífíríìjì yẹn tún gbé gègé, ó ní láti ọjọ́ kìíní lòun ti mọ̀ pé orin ọ̀hún ò lẹ́gbẹ́. Ojú ò tiẹ̀ tì í! Mo tọ́jú ìwé ìròyìn méjèèjì, mo fi píìnì kan ṣoṣo kàn wọ́n mọ́ra.

Ilé iṣẹ́ tó ń gbé orin jáde wá fi ẹnu dídùn bá mi. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fọ àwo náà mọ́, kí àwọn tún un gbé jáde fún ọdún karùn-ún rẹ. Èmi ni mo fọwọ́ sí i, Wáyà. Èmi náà ni! Mo rò pé ẹ̀bùn ni mò ń ṣe fún ọ.

Wọ́n gbé orin wa fún ọ̀gá onímáṣíìnì kan tí kò gbọ́ ẹyọ kan nínú èdè wa. Máṣíìnì rẹ̀, bó bá ti rí ohùn tó wà láàárín bọ́tìnnì méjì, á ní ó ṣìnà ni, á wọ́ ọ lọ síbi èyí tó súnmọ́ ọn jù. Ó rí ọ̀rọ̀ ìyá tí o pè, ó wọ́ ọ wálẹ̀ di ìyà. Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rin, ó fi ìka kan bà á jẹ́!

Oṣù tó kọjá ló jáde. Ìyà ò ní kúrò nílé yìí! Wọ́n ń kọ ọ́ nílé onígbàjámọ̀. Wọ́n ń kọ ọ́ nínú kíláàsì mi, èmi tí mò ń kọ́ wọn ní àmì òkè àti àmì ìsàlẹ̀! Màámi lọ ra ọṣẹ, wọ́n gbọ́ ohùn rẹ ní ṣọ́ọ̀bù, ìgbà àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọdún márùn-ún. Wọn ò ra ọṣẹ mọ́. Wọ́n dé ilé, wọ́n tú gèlè, wọ́n bi mí pé kí làwọn fi ṣe ọ́, tí o fi mú ìyà wọ ilé àwọn, tí o tún ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Mo ṣàlàyé títí ẹnu fi ń ro mí. Wọ́n ní mò ń bò ọ́ láṣìírí ni. Wọ́n gbé fọ́tò rẹ kúrò ní pálọ̀.

Mo sáré lọ bá ọ̀gá onímáṣíìnì. Ó ní ohùn rẹ fò, òun bá ọ gbé e bọ̀ sípò ni. Ó ní ìyàtọ̀ yẹn kéré. Kéré kẹ̀! Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́, òun ló jù ú sílẹ̀, ó ní ó kéré! Ó ní kí n fi ọkàn balẹ̀, àwọn èèyàn ń gbádùn ẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni Màámi fi kọ̀ láti gbọ́ àwo ti àkọ́kọ́. Lọ́jọ́ kẹwàá, ìyàwó rẹ ò bẹ̀ wọ́n mọ́. Ó ń di irun wọn lọ́wọ́, ó dé ìdajì, orí wọn wà láàárín orúnkún rẹ̀. Ta ló máa gbé orí tí wọ́n dì ku ààbọ̀ sá lọ? Ó na ọwọ́, ó tan ojúlówó orin náà. Màámi fẹ́ dìde, ó tẹ èjìká wọn mọ́lẹ̀. Nígbà tí o pe ìyá, Màámi ò tiraka láti dìde mọ́. Wọ́n ní kó tún un tàn. Wọ́n sunkún, Wáyà, gbogbo wa sunkún, oníbàárà tó jókòó de irun tirẹ̀ náà bá wa sun ún.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n dìde fùú. Wọ́n ní kí n mú àwọn lọ bá àwọn ẹni ibi. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí irun parí. Wọ́n ní irun ò ṣe nǹkan kan.

Bẹ́ẹ̀ ni Màámi ṣe wọ ilé iṣẹ́ tó gbé orin náà jáde yẹn, irun apá ọ̀tún dídì, ti òsì fẹ́ bí òwú. Wọ́n ní àwọn ni ìyá inú orin, kí ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà wo àwọn dáadáa, ṣé àwọn jọ ìyà? Ọ̀gá ń kálòlò. Ó ní àwọn máa jíròrò lórí ẹ̀. Màámi fa àga, wọ́n jókòó. Wọ́n ní ọmọ àwọn ti wí i pé ìyá ò ní kúrò, àwọn ò sì ní kúrò nílé yìí, àfi bí wọ́n bá dá ọ̀rọ̀ ọmọ àwọn padà. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ wá ojúlówó rẹ̀ títí. Wọ́n gbé omi wá, Màámi ò mu ún. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti yọ èyí tó bàjẹ́ kúrò, wọ́n sì fi tìrẹ sí i.

Inú ṣì ń bí mi o. Àwọn tó ti kọ́ òdì ṣì ń kọ òdì, kò sẹ́ni tó wá tọrọ àforíjì, mi ò sì tíì dárí ji ara mi.

Ṣùgbọ́n fọ́tò rẹ ti padà sí pálọ̀. Láràárọ̀, Màámi á tan orin náà bí wọ́n bá ti ń gbálẹ̀. Bí o bá ti pè wọ́n, wọ́n á dá ìgbálẹ̀ dúró, wọ́n á dá ọ lóhùn sókè pé àwọn rèé o, àwọn ò lọ síbì kankan, ìwọ ńkọ́, níbo lo wà?

Èmi náà ń bi ọ́, Wáyà. A fẹ́ràn rẹ, ọmọ ìyá mi. Níbo lo wà?