Gàrí Mùbàṣírù

                                        Ilé Fàsásì,
                                        Ẹ̀yìn Mọ́ṣáláṣí, Atíkorí,
                                        Ìjẹ̀bú-Igbó.
                                        Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Òkúdù, 2025.

Ìyá Farouk, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lẹ wà ní Mákùn-Omi? Bàbá Farouk ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ìwọ ní tìrẹ, mo mọ̀ pé o ti sanra, ẹja tútù kò ní jẹ́ kí o rù. Ara tèmi náà le, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Allah. Ọkàn ni kò balẹ̀.

Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn tún ti gbé ìjà wọn dé. Ó ti di bí òjò, ó ń dá, ó tún ń rọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, Mùbàṣírù, ọmọ kan ṣoṣo tí Asimawu bí, ni ọta ìbọn wọn bà lórí ọ̀kadà níbi tó ti ń bọ̀ wálé láti ilé ìwé ní Àgọ́-Ìwòyè. Kò bá ẹnikẹ́ni jà o. Ó dùn mí wọ eegun.

Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe fídáù rẹ̀ ni Asimawu kò ti jẹun. Tí a bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, á kàn máa wò ó. Ó gbẹ débi pé ẹ̀rù ń bà mí pé a ó tún gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Èmi àti Muslimah, tí àwa mẹ́ta jọ ń yan gàrí, bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbọ́.

Nígbà tí ìlú rọ̀ díẹ̀, àwa méjì padà síbi iṣẹ́. Ẹ̀gẹ́ tí a lọ sínú àpò kí a tó sá fún ìbọn wọn ti kan kọjá àlà, òórùn rẹ̀ ń lé eṣinṣin. Mo ní ká dà á nù. Muslimah ní ká bu díẹ̀ lọ fi han Asimawu, bóyá á tilẹ̀ bú wa. Ó sì bú wa lóòótọ́. Ó ní ọ̀lẹ ni mí láti ìgbà tí òun ti mọ̀ mí. Ó so ìró rẹ̀ le, ó tẹ̀ lé wa, ó ní ká lọ ẹ̀gẹ́ tuntun mọ́ ọn, òun fúnra rẹ̀ sì jókòó ti agbada. Ibi tí a ti ń jọ̀ ọ́ ni àpótí wó mọ́ Muslimah nídìí, ó ṣubú sínú èèpo ẹ̀gẹ́, ni Asimawu bá bú sẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà kúkú ní à ń sunkún, à ń ríran.

Nígbà tí gàrí tutù, Asimawu mú ife, ó wọn díẹ̀ sínú ọ̀rá, ó dì í, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìpín Mùbàṣírù ni. Kò sí ìgbà tí a yan gàrí tí kì í kọ́kọ́ yọ èyí tí ọmọ náà ń gbé lọ sílé ìwé. Ọwọ́ ló mọ̀ ọ́n ṣe, kò sí lọ́kàn rẹ̀. Ó wo ọ̀rá náà, àwa náà wò ó. Mo nawọ́ kí n dà á mọ́ ìyókù, ó gbá ọwọ́ mi dànù.

Ó ní, “Má dà á pọ̀. Tirẹ̀ ni. Bu omi wá.”

Mo bu omi tútù wá. Ó da gàrí náà sínú abọ́, ó ní kí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ mu ún. Omijé ń ṣàn lójú rẹ̀, ó sì ń mu ún, títí ó fi fi ìka nu ìdí abọ́. Ìyá Farouk, gàrí náà dùn. Ó dùn débi pé ojú ń tì mí.

Bá mi kí Bàbá Farouk àti gbogbo ará ilé. Ẹ máa rántí Asimawu nínú àdúrà yín.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí kò ní pààrọ̀ rẹ,
Ìbíkẹ́ Fàsásì.