Màmá "Ta Ló Kọ́kọ́ Sọ Ọ́?"

Ọdún 1949 ni wọ́n bí màmá wa, nínú yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù bàbá wọn, ẹni tó ń bá aráyé di ìwé tó ti já. Aránṣọ ni ìyá wọn. Ìwé oníbàárà ni màmá fi mọ̀wé kà, kí wọ́n tó wọ ilé-ẹ̀kọ́ ní 1955.

Ní 1973, wọ́n gboyè nínú ìmọ̀ kẹ́mísírì, wọ́n sì di òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé yunifásítì. Ní 1975, wọ́n fẹ́ bàbá wa, káfíńtà tó wá kan pẹpẹ ìwé níbẹ̀, tó rí màmá, tó sì rí i dájú pé iṣẹ́ náà ò tètè parí.

Iṣẹ́ màmá ni kíkọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kẹ́mísírì bí a ṣe ń wá ìmọ̀ rí, àti bí a ṣe ń mọ èyí tó ṣeé gbọ́kàn lé. Bí ọmọ kan bá ti ka ohunkóhun jáde, wọn á ní, "Ta ló kọ́kọ́ sọ ọ́?" Bẹ́ẹ̀ ni ìbéèrè di orúkọ.

Ní 1991, ẹ̀ka kẹ́mísírì fẹ́ fagi lé kíláàsì náà. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta tí màmá yóò lọ gbèjà rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan rí àṣìṣe nínú ìwé tí màmá ti ń pín fún kíláàsì láti ọdún mọ́kànlá: ìwọ̀n ooru tí kẹ́míkà kan fi ń yọ́ kò bá ti ẹni tó kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n mu. Inú ìwé ẹlòmíràn ni màmá ti dà á kọ, láìbéèrè. Bàbá ní kí wọ́n pa á mọ́, pé a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Màmá ní, "Bí mo bá pa á mọ́, kí wá ni mò ń kọ́ wọn?"

Wọ́n mú ọmọ náà dání lọ síwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, wọ́n ní kó ṣàlàyé bó ṣe rí i. Ọ̀gá ẹ̀ka ṣí ìwé tí òun fúnra rẹ̀ kọ, ó sì bá àṣìṣe kan náà níbẹ̀. Láti ọdún tó tẹ̀ lé e, kò sí akẹ́kọ̀ọ́ kẹ́mísírì tó gboyè láìṣe kíláàsì màmá.

Wọ́n fẹ̀yìn tì ní 2009, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn àgbàlagbà àdúgbò bí a ṣe ń yẹ ìròyìn orí fóònù wò. Pásítọ̀ wa jẹ́wọ́ pé bí màmá bá ti jókòó síwájú, òun máa ń tún ìwàásù òun yẹ̀ wò.

Wọ́n fi ọkọ, ọmọ mẹ́ta àti ọmọ-ọmọ méje sáyé lọ. Àárò wọn ń sọ wá gan-an. Ṣùgbọ́n ní aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, kíláàsì àwọn àgbàlagbà náà yóò wáyé, nítorí màmá ti kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tì í nítorí ìsìnkú àwọn.

Ẹ sùn re, Màmá. Iṣẹ́ yín ò ní dẹnu kọlẹ̀.