N Kò Ní Ṣubú Níwájú Kámẹ́rà

Àbíkẹ́yìn mi ọ̀wọ́n,

Mo pé ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ní oṣù tó kọjá, n kò sì gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Mo ní kí n kọ́kọ́ fi ìyẹn lélẹ̀ kí n tó kí ọ, kí o má baà rò pé ẹ̀bẹ̀ ni ìkíni mi. Ó yá, mo kí ọ. Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ìyàwó rẹ ń gbádùn? Ṣé ọmọ mi kékeré ń jẹun, ṣé ó ń sùn, ṣé eyín rẹ̀ ti pé? Bí ẹ bá bèèrè mi, ara mi le bí òkúta odò, àfi orúnkún ọ̀tún, òun náà sì ya alágídí bí ẹni tó ni ín. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Ọ̀rọ̀ tí o bá mi sọ lórí fóònù kò tíì tán nínú mi. O ní, "Màámi, ẹ lọ bẹ àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì, fíìmù lásán ni." O sì yára pa fóònù bí ẹni tí ìkòkò rẹ̀ ń jó lórí iná. Nítorí náà ni mo ṣe mú bírò. O mọ̀ pé kíláàsì àwọn àgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti mọ̀wé, nígbà tí ìwọ ti ń hu irùngbọ̀n. Bí o bá rí àṣìkọ, fò ó, má tún un ṣe. Ohun tí mo kọ, mo ti kọ ọ́ náà nìyẹn. Pílátù tó sọ irú rẹ̀ kì í ṣe èèyàn dáadáa, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn dára lẹ́nu rẹ̀.

Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí, nítorí mo mọ̀ pé ẹnu ẹlòmíì lo ti gbọ́ ọ. Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa fẹ́ ṣe fíìmù tí wọn yóò fi hàn ní ìsìn ìparí ọdún. Olórí wọn ni ọmọkùnrin tó ń ṣe iná mànàmáná, tí gbogbo wa ń pè ní Dírẹ́kítọ̀ láti ìgbà tó ti ra kámẹ́rà. Ó wá bá mi nídìí báàfù ìfọṣọ mi, ó kí mi títí ìkíni fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di orin, ó wá ní, "Màmá, a fẹ́ kẹ́ ẹ bá wa ṣe ìyá nínú fíìmù wa." Inú mi dùn. Ìwọ náà mọ̀ pé mo fẹ́ràn fíìmù. Aṣọ funfun tí wọ́n ń ta sí ògiri ṣọ́ọ̀ṣì láti fi wo fíìmù, aṣọ ibùsùn ìgbéyàwó mi ni. Èmi ni mo ń fọ̀ ọ́, tí mo ń fi sítáàṣì sí i, tí mo ń lọ̀ ọ́ títí tí ibì kankan kò fi ní hunjọ, kí ojú Jésù má baà wọ́ lórí rẹ̀.

Mo bi í pé irú ìyá wo. Ó wo ilẹ̀. Ó ní, "Ìyá tó ń di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ ni, Màmá. Àjẹ́ díẹ̀." Àjẹ́ díẹ̀! Bí ẹni tó ń bu iyọ̀ sọ́bẹ̀. Mo ní kí ló dé tó fi jẹ́ èmi. Ó ní ojú mi bá a mu. Mo rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé mi, mo sì gbà, nítorí mo rò pé eré ni eré ń jẹ́.

Ní ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi èédú kùn mí lábẹ́ ojú. Wọ́n da omi pupa sínú báàfù tèmi gan-an, báàfù tí mo fi tọ́ gbogbo yín, wọ́n ní kí n máa ri ṣẹ́ẹ̀tì ọmọ mi inú fíìmù bọ inú rẹ̀, kí n máa wí pé, "Báyìí ni ire rẹ yóò máa ṣàn lọ." Àbíkẹ́yìn mi, ṣẹ́ẹ̀tì funfun báláú nínú omi pupa! Ọwọ́ mi kọ̀ ọ́. Bí mo bá ti rì í, àtàǹpàkò mi á wá ọrùn aṣọ lọ, á bẹ̀rẹ̀ sí í bó o. Dírẹ́kítọ̀ ń pariwo, "Màmá, ẹ má fọ̀ ọ́ mọ́! Ẹ ṣépè fún un!" Gbogbo ọgbà ń rẹ́rìn-ín, èmi náà ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín yẹn kò pẹ́. Kí fíìmù tó parí, wọ́n ti gbé díẹ̀ nínú rẹ̀ sórí fóònù káwọn èèyàn lè máa retí rẹ̀. Kò sí ẹ̀rín nínú ohun tí wọ́n gbé síbẹ̀ o. Ojú mi dúdú, omi pupa, àti orin kan tó ń kérora lábẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni eré ti fò jáde wá bá wa nílé. Obìnrin onídìrí tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi jáde sí okùn ìsáṣọ mi, ó ń ká aṣọ ilé ìwé ọmọ rẹ̀ ní tútù. Ó ní, "Màmá, ẹ má bínú, mo fẹ́ máa fọ̀ ọ́ fúnra mi." Omi ń kán sílẹ̀ látara aṣọ náà títí dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni awakọ̀ tó ń gbé ilé wa wá kó tirẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn nọ́ọ̀sì tó wà lókè. Ta ni yóò gbé aṣọ ara rẹ̀ fún ìyá tó ń fi omi pupa fọ ire ọmọ dànù?

Ọmọ onídìrí yìí, Aláròyé ni mo ń pè é. Ó máa ń jókòó tì mí bí mo bá ń lọ aṣọ, á máa to bọ́tìnnì mi, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Mo na bisikíìtì sí i. Ó wo ọwọ́ mi, ó wo báàfù, ó fi ọwọ́ tirẹ̀ sẹ́yìn. Kò sọ̀rọ̀. Ọmọ tó ń bá ewúrẹ́ sọ̀rọ̀! Mo ti sin ọkọ, mo ti fojú rí ebi, ṣùgbọ́n ọwọ́ kékeré tó lọ sẹ́yìn yẹn dùn mí ju gbogbo wọn lọ.

Mo tọ Pásítọ̀ lọ. Mo ní kó bá mi sọ fún ìjọ pé eré ni. Ó ní, "Màmá, ẹ fara balẹ̀. Bí ẹ bá ti jẹ́wọ́ níparí, tí mo gbàdúrà, tí ẹ sì ṣubú lulẹ̀, gbogbo èèyàn á mọ̀ pé Jésù borí." Mo ní, "Jésù borí ta, Pásítọ̀?" Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀.

Mo délé, mo ṣí Bíbélì mi. Mo wá ibi tí Olúwa wa ti lé ìyá arúgbó jáde, n kò rí i. Ìyá ìyàwó Pétérù ni mo rí, tí ibà dá dùbúlẹ̀. Jésù fà á lọ́wọ́ dìde. Kò bi í pé ta lo jẹ. Mo rí Ánà, opó tó ti gbó kùjọ́kùjọ́ nínú tẹ́ḿpìlì. Òun ni ó mọ ọmọ Ọlọ́run nígbà tí àwọn tó mọ̀wé ń wò ó kọjá. Lórí igi àgbélébùú pàápàá, pẹ̀lú ìṣó lọ́wọ́ rẹ̀, Ó wá ilé tí ìyá rẹ̀ yóò máa gbé. Níbo wá ni ẹ̀yin ọ̀dọ́ ti rí ìyá tó ń jẹ ọmọ rẹ̀? Inú fíìmù ni. Ẹni tí kò bá ṣe rere láyé, fíìmù ti mọ ẹni tó fa á: ìyá rẹ̀ ni, ìyá ọkọ rẹ̀ ni, arúgbó tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé ni. Ọ̀lẹ kì í jẹ̀bi nínú fíìmù yín rárá.

Ọjọ́ ìjẹ́wọ́ pé. Wọ́n yà á nínú ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ìsìn, gbogbo ìjọ jókòó bí ẹni ń wòran. Pásítọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń ṣe Pásítọ̀ inú fíìmù. Wọ́n ti tẹ́ mátírẹ́sì kékeré sẹ́yìn mi kí egungun mi má baà ṣẹ́. Ó na ọwọ́ sí mi lórí, ó ké pé, "Jẹ́wọ́!" Mo ní, "Mo jẹ́wọ́ o. Ọwọ́ mi yìí ló fọ aṣọ ẹlòmíì títí awọ fi bó lára rẹ̀, kí ọmọ mi lè kàwé. Okùn kan ṣoṣo tó wà lọ́wọ́ mi ni èyí tí mo ń sá aṣọ sí. N kò jẹ ẹnikẹ́ni. Eyín tó kù lẹ́nu mi kò lè fọ́ eegun adìẹ, ká má tíì sọ kádàrá èèyàn! Bí ọmọ inú fíìmù yìí kò bá rọ́wọ́ mú, kó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì kó lọ wáṣẹ́." Pásítọ̀ sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Màmá, ẹ ṣubú." Ó fi ọwọ́ tì mí díẹ̀. Mo di àga mú. Ó tún tì mí. Mo ní, "Ọmọ mi, bí o bá fẹ́ kí n ṣubú, ìwọ àti Ọlọ́run ni ẹ ó jọ tì mí, mo sì mọ̀ pé Òun kò sí lẹ́yìn rẹ lórí ọ̀rọ̀ yìí."

Lẹ́yìn náà ni ìyá oníkẹrosíìnì, tó dàgbà jù mí lọ, bú sẹ́rìn-ín níjókòó ẹ̀yìn títí gèlè fi yọ lórí rẹ̀.

Àwọn alàgbà pè mí. Wọ́n ní mo dójú ti Pásítọ̀, mo ba fíìmù jẹ́, kí n má jókòó láàárín ẹgbẹ́ ìyá mọ́ títí n ó fi kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀ níwájú ìjọ. Mo ní orúnkún mi ọ̀tún kò gbà. Wọ́n ní ṣé ẹ̀fẹ̀ ni mo wá ṣe. Mo ní ti òsì náà kò gbà. Gbogbo ọjọ́ ìsinmi ni mo ń lọ, àga mi àtijọ́ ni mo sì ń jókòó sí. Àga yẹn mọ ìdí mi. N kò lè lọ máa kọ́ òmíràn ní ọjọ́ orí yìí.

Wọ́n tún rán Dírẹ́kítọ̀ wá gba aṣọ funfun tí wọn yóò fi fíìmù hàn. Wọ́n ti gbèrò láti gé ọ̀rọ̀ mi kúrò, kí wọ́n wá ẹlòmíì tí yóò wọ aṣọ mi kó sì ṣubú. Mo ní aṣọ wà, mo ti lọ̀ ọ́, ó wà nínú àpótí, mo sì jókòó lé àpótí. Bí wọ́n bá fẹ́ ẹ, kí wọ́n fi ohun tí mo sọ hàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ògiri ń bẹ níbẹ̀, kí wọ́n máa wò ó lára ọ̀dà tó ń ṣí. Ọmọ náà ní, "Màmá, èmi ò fẹ́ gé e. Ibẹ̀ nìkan ni mo ti gbàgbé pé kámẹ́rà wà lọ́wọ́ mi." Mo ní kó lọ sọ ọ́ fún àwọn tó rán an.

Ní àárọ̀ àná, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn mi. Aláròyé ni. Ó ní, "Màmá, ṣé lóòótọ́ ni pé wọ́n tì yín, ẹ ò ṣubú?" Mo ní lóòótọ́ ni. Ó ní, "Wọ́n tì yín gan-an?" Mo ní gan-an. Ó ronú sí i, ó wá jókòó sídìí bọ́tìnnì, ẹnu rẹ̀ sì ṣí bí omi ẹ̀rọ. Ìyá rẹ̀ ń wò wá láti ojú ọ̀nà. Kò pè é padà. Kò tíì gbé aṣọ wá, ṣùgbọ́n kò pè é padà.

Ó wá kàn ọ́ wàyí. O ní fíìmù lásán ni. Bí ó bá jẹ́ lásán, kí ló dé tí n kò tíì fọwọ́ kan ọmọ rẹ? Ó ti ń sáré kiri, "Màmá Fóònù" ló ń pè mí. Gbogbo ìgbà tí mo bá bèèrè rẹ̀, o ní, "Ẹ jẹ́ kó lágbára díẹ̀ sí i." Mo mọ ìdí rẹ̀. Ìyàwó rẹ fúnra rẹ̀ ló sunkún sọ ọ́ fún mi: ẹnìkan ní ilé àdúrà ní kó ṣọ́ra fún ìyá arúgbó kan láti ilé bàbá ọmọ. Má bá a jà. Kò gbé inú ilé mi rí, àti kékeré ló sì ti ń wo irú fíìmù wọ̀nyẹn. Ẹ̀rù lè bà á. Ìwọ ńkọ́? Ìwọ tí o mọ ọwọ́ mi? Nígbà tí wọ́n ní kí n jẹ́wọ́, kì í ṣe ọmọ inú fíìmù ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ìwọ ni.

Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ ti lé àgbà kúrò lọ́jà, ẹ wá ń bèèrè ẹni tó ba orí ọmọ jẹ́. Ka ìwé Rúùtù dé ìparí. Náómì ló gbé ọmọ náà lé àyà, òun ló di alágbàtọ́ rẹ̀. Ìyá ọkọ sì ni Náómì o!

Kí Olúwa ṣí ọ lójú. Kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ má ṣe di àṣedànù. Kí ìyàwó rẹ rí ayọ̀ gbé lórí ọmọ rẹ̀, kí ẹ̀rù fi ilé yín sílẹ̀, kí ọmọ yẹn dàgbà kó sì rí arúgbó láìsá. Kí ìwọ náà di arúgbó, kí ọmọ má fọwọ́ sẹ́yìn fún ọ. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ tó fọ aṣọ rẹ àkọ́kọ́, tí kò sì tíì ṣubú.

Ọ̀rọ̀ tó ṣẹ́kù: Ní ọjọ́ tí o fẹ́ fi ilé sílẹ̀, o dúró nídìí tábìlì ìlọṣọ mi, ṣẹ́ẹ̀tì rẹ ṣì gbóná nínú báàgì. O ní, "Màámi, ọmọ tí mo bá kọ́kọ́ bí, ẹ̀yìn yín ni yóò kọ́kọ́ mọ̀." Èmi kọ́ ni mo bẹ̀ ọ́. Ìwọ lo fi ẹnu ara rẹ jẹ gbèsè. Mo ti fọ ọ̀já tí mo fi pọ̀n ọ́, ó wà lórí okùn báyìí, ó máa gbẹ kí lẹ́tà yìí tó dé ọ̀dọ̀ rẹ. Gbé ọmọ mi wá. San gbèsè rẹ.