Ọwọ́ Ọ̀tún Tó Ń Sùn

Ìyá Yulan,

Ṣé òtútù ò mú ọ jù lábúlé? Ara mi ti le gan-an nílé ọmọ wa ní Chengdu níbí. Má wo bí ìwé yìí ṣe rí wọ́gọwọ̀gọ. Tábìlì ọmọ rẹ ni kò dúró dáadáa.

Àràárọ̀ ni Ìyá Qiu ń kọ́ àwa àgbàlagbà ní ìdárayá tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dé ọpọlọ, nínú ọgbà ìtura tó wà nítòsí. À ń fi ìka ya irun orí láti iwájú dé ìpàkọ́, à ń yí ọrùn jẹ́jẹ́, a ó wá gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Ó ti sú mi.

Lánàá, ọwọ́ òsì mi gòkè, ọ̀tún dúró sí àyà.

"Bàbá Kang, ọwọ́ méjì ni mo wí," Ìyá Qiu sọ.

"Èkejì ń sùn ni."

"Láti oṣù kẹta? Ẹ jẹ́ kí n bá yín jí i."

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Ó di apá mi mú bí ẹni tó ń wọ ẹ̀wù fún ọmọ ọwọ́. Mo já a gbà, mo bínú lọ sílé. Mo ti ilẹ̀kùn, mo ń dá a gbé títí ọ̀sán. Kò kọjá èjìká.

Láàárọ̀ yìí, mo padà lọ bá Ìyá Qiu. Mo ní, "Ẹ bá mi gbé e." Kò fi mí ṣẹ̀sín.

Má wulẹ̀ wá o, kí oko má baà dá wà. Bá mi kí àbúrò mi, Shouyi. Gbé àkàbà tí mo fi ń ká ápù fún un. Kò kàn dáa kó dúró lásán ni.

Èmi ni ọkọ rẹ,
Delu