Fìlà Pupa Tí Ọmọ Mi Ní Kí N Rán

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ wa, mo kí yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Aránṣọ ni mí ní ìlú Massè.

Ṣọ́ọ̀ṣì wa fẹ́ ṣàjọ̀dún fún gbogbo ìlú lọ́jọ́ Àìkú. Àwọn ọ̀dọ́ máa ṣeré bí Faransé ṣe kọ́kọ́ dé. Ọmọ mi ọkùnrin ti yọ̀ǹda ara rẹ̀: òun ló máa ṣe sójà Faransé tó ń na àwọn àgbà tó kọ̀ láti ṣe iṣẹ́ ọ̀nà lílà tí wọ́n fi túláàsì gbé fún wọn.

Bẹ́ẹ̀, irú àwọn sójà onífìlà pupa bẹ́ẹ̀ na bàbá ńlá ọkọ mi nígbà náà. Láti ìgbà yẹn, a kì í dé fìlà pupa àwọn sójà náà nínú agbo ilé wa. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ti búra: "Bó bá dé e, kó má tẹ ojú oórì baba wa mọ́."

Mo bẹ ọmọ mi títí pé kó fi eré náà sílẹ̀. Ẹ̀rín ló ń rín: "Ìyá, bí kò bá sẹ́ni tó nà wọ́n, ta ló máa mọ̀ pé wọ́n jìyà? Ẹ ṣáà bá mi rán fìlà mi, kó má fún mi lórí o!"

Ọkọ mi ti kú. Mi ò rẹ́ni fi ọ̀rọ̀ yìí lọ̀. Mo ti gé aṣọ pupa náà, ọwọ́ mi kò gbé abẹ́rẹ́. Bí mi ò bá rán an, aránṣọ kan ní Kpoulou, ìlú tó wà nítòsí wa, á rán an.

Ẹ̀yin òbí ẹgbẹ́ mi, ọmọ yìí á ṣáà dé fìlà náà. Ṣé ọwọ́ mi ni kó ti wá?